Bí Ẹ̀rù Lẹ́tà Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Adìẹ Mi ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé n kò rí igi ọsàn tó wà níwájú ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìkùukùu bo gbogbo àdúgbò, ètè mi ti là. Inú ìkùukùu yẹn ni ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti yọ sí mi. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lẹ́yìn ìgbà náà, torí díẹ̀ ló kù kí n pàdánù àmì gàrí mi nílẹ̀ òyìnbó.

Ẹ mọ̀ pé gàrí ni mo ń ṣe. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tó gbẹ. Adìẹ tó ń sàba ni mo ní kí wọ́n yà sára àpò mi. Nígbà tí Káyọ̀dé ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí bá mi tà á ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará wa níbẹ̀ kì í béèrè gàrí lásán mọ́. Gàrí Aládìẹ ni wọ́n ń béèrè.

Káyọ̀dé ló ní ká fi orúkọ adìẹ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ibẹ̀. Ó ní bí a kò bá ṣe é, ẹlòmíràn lè ṣe é, kó wá máa pe tèmi ní ayédèrú. Ẹ gbọ́ o! Adìẹ tèmi! A gba lọ́yà òyìnbó kan. Wọ́n fún wa ní ọdún méje, wọ́n ní bó bá fẹ́ pé, ká wá sọ ọ́ dọ̀tun. Káyọ̀dé ní kí lọ́yà máa kọ̀wé sí òun. Mo kọ̀. Mo ní ọmọ ni ọmọ ń jẹ́, ọjà ni ọjà ń jẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni kí wọ́n máa kọ̀wé sí. Ojú mi là, àbí?

Lẹ́tà tí mo gbà láàárọ̀ ọyẹ́ yẹn kò jọ ti Káyọ̀dé. Pépà aláwọ̀ sánmà ni ọmọ mi fi ń kọ̀wé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń kọ ọ́. Èyí funfun, ó gùn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ orúkọ mi sí i lára, wọ́n tún lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ ọn. Irú lẹ́tà yìí gan-an ló wá fún aládùúgbò mi kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, pé ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti bá omi lọ.

Mo lè ka Bíbélì Yorùbá, n kò gbọ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní mo gbọ́ ọ, ní ilé ọkọ mi, ìyá kì í fọwọ́ ara rẹ̀ tú ìròyìn búburú ọmọ rẹ̀. Olórí ẹbí ni wọ́n ń fún, òun ni yóò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Bí mo ṣe fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ní Ìbẹ̀fún nìyẹn, láìtú u.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìdòwú, àbúrò ọkọ mi obìnrin, gbé ẹrù dé láti Ìbẹ̀fún. Ó ní Bàbá ní kóun wá bá mi gbé fúngbà díẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ó ní ṣé èèyàn ò lè wá kí ìyàwó ilé wọn ni.

Ìdòwú yìí tí kì í jẹ́ kí n gbádùn! Tẹ́lẹ̀, bó bá ti rí mi, á ní, "Ìyàwó olójúkòkòrò, o ò tíì ta gbogbo ẹ̀gẹ́ ilé ọkọ rẹ tán?" Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dárúkọ Káyọ̀dé, á yíjú sí ògiri.

Ẹ sọ fún mi, kí lẹ máa rò? Mo gbà pé wọ́n ti kà á, wọ́n kàn ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà sọ fún mi ni. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Mo ń yan gàrí, ó ń jóná. Lọ́wọ́ èmi! Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, màá ní wọ́n ti dé. Kí ni kò jẹ́ kí n pe Káyọ̀dé lórí tẹlifóònù? Bí ẹlòmíràn bá gbé e ńkọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo sọ fún ara mi pé òótọ́ tó burú sàn ju èyí lọ. Mo wọ mọ́tò lọ Ìbẹ̀fún, Ìdòwú tẹ̀ lé mi. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó fọwọ́ lérí. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi. Ọjọ́ wo ló kú?"

"Ta ni?"

"Káyọ̀dé."

"Yéè! Ta ló sọ fún ọ pé ó kú?"

"Lẹ́tà tí ẹ kà ńkọ́?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ìyàwó mi, n kò tú u. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí ìwọ kò bá lè tú u, ohun tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ni mo bá ní kí Ìdòwú kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ."

Ó lọ yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo gbà á, mo fà á ya fúnra mi. Kí ni mo rí lókè ìwé náà? Adìẹ mi! Adìẹ tó ń sàba, bó ṣe wà lára àpò mi gẹ́lẹ́!

Ìdòwú pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì! Adìẹ lẹ ń ṣọ̀fọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò Bàbá, ló kà á fún wa. Bó ṣe ń kà á ni ẹ̀rù mìíràn dé. Ọdún méje ti fẹ́ pé, lọ́yà ń dúró de ọ̀rọ̀ mi kó tó lè sọ àmì náà dọ̀tun. Onígàrí kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti ń béèrè kí wọ́n forúkọ adìẹ tó jọ tèmi sílẹ̀ fún òun, ó ń ṣọ́ ọjọ́ tí tèmi máa bọ́ sílẹ̀. Mo ní ọjọ́ mélòó ló kù? Tíṣà ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta! Lẹ́tà sì ń lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó débẹ̀!

N kò bú àṣà ilé ọkọ mi o. Ó dára kéèyàn ní ẹni tí yóò bá a gbé ìròyìn tó wúwo. Ṣùgbọ́n ọjà ilẹ̀ òkèèrè kì í dúró de ẹni tẹ́rù ń bà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àmì lọ́hùn-ún, ẹ mọ ọjọ́ tó máa pé lórí. Ṣé irú èyí ti ṣe yín rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín, kí ojú má bàa máa ti èmi nìkan.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn kò tíì yọ tí mo fi dé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó rí Lọ́ńdọ̀nù bá mi pè. Mo gbọ́ "Hẹ́lò." Ohùn Káyọ̀dé ni. Gbogbo ohun tí tíṣà ní kí n sọ fò lọ lórí mi, ẹkún ló jáde.

Ọmọ mi pariwo: "Màámi! Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní kó sáré lọ bá lọ́yà kó tó fẹnu kan oúnjẹ, kó sọ adìẹ wa dọ̀tun, kó sì kọ àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀.