Àwọn Aṣọ Tó Wà Lókè Yìnyín

Owó ilé ni mo ń jẹ ní Ìlíṣàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ló kún inú ilé náà. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ àwáwí akẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́ bíi tèmi kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́, kódà lẹ́nu ọmọ tó bí. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi tó lọ sí Kánádà sọ pé inú ilé kan tí wọ́n ti ń gbá họ́kì lórí yìnyín lòun ti ń ṣiṣẹ́, mo ní kó fi fídíò pè mí, kí n fojú ara mi rí i. Ta ni í ṣe yìnyín sínú ilé, ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ látọ̀run lọ́fẹ̀ẹ́?

Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Lóòótọ́, ilé náà tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì funfun báláú. Ó fi mọ́tò tó fi ń dán yìnyín hàn mí. Ó ní láyé àtijọ́ gbogbo ìlú ló máa ń rọ́ wá síbẹ̀, àti pé àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ agégẹdú ibẹ̀ ti gba ife mọ́ àwọn ìlú ńlá lọ́wọ́ rí. Mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òkè ni ojú mi wà. Aṣọ ni mo rí lábẹ́ òrùlé, aṣọ ńláńlá tí wọ́n na apá wọn, tí wọ́n fi kọ́.

"Àwọn tó ni aṣọ wọ̀nyẹn dà?"

"Àwọn tó mọ họ́kì gbá jù ni, Mọ́mì. Wọ́n fi ń bu ọlá fún wọn ni. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ wọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ wọn mọ́."

"Wọ́n ti kú ni?"

"Rárá o. Ọ̀kan nínú wọn rèé."

Ara mi ò gbà á. Nílé wa ní Makun, bí èèyàn bá kú, ẹbí á pín aṣọ rẹ̀. Bó bá wà láàyè, á máa wọ̀ ọ́. Èyí tí wọn ò pín, tí wọn ò sì wọ̀, kí là ń pè é? Ọmọ mi yí fóònù sí bàbá arúgbó kan tó jókòó tì í. Bàbá náà juwọ́ sí mi. Mo tẹjú mọ́ ọn bóyá yóò ṣẹ́jú, nítorí n kò tíì gbà pé alààyè ni. Ó ṣẹ́jú.

Mo bi í pé níbo ló ti wá. Ọmọ mi ṣe ògbufọ̀: ìlú àwọn apẹja kan ní òdìkejì òkun ni. Nígbà tí bàbá náà ń kúrò níbẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọdún kan péré lòun fẹ́ fi gbá họ́kì náà, òun á sì padà wálé. Kò padà.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ mi ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀ wálé ní Disẹ́ńbà tó kọjá. Nígbà tó yá, ó ní àsìkò ìdíje ni, wọn ò lè fún òun láyè. Disẹ́ńbà tó ń bọ̀ náà, àsìkò ìdíje ni. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ.

"Bá mi bi í," mo ní, "ta ló sin ìyá rẹ̀?"

Ọmọ mi ní òun ò gbọ́ mi dáadáa. Mo tún un sọ. Ó bi í. Bàbá náà ṣí fìlà, ó sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀, kò wo fóònù.

Mo ní kí ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Mọ́mì," ó ní, "mò ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà."