Àwòrán Kì Í Rùn

Gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa ní Dogon Dutse, nílùú Jos, ló ń dúró wo àwòrán náà. Omi ń já bọ́ láti orí àpáta, ó funfun bí wàrà, ìràwọ̀ sì kún ojú ọ̀run lókè rẹ̀. Wọn a ní, "Ah, ṣé òkè òkun nìyí?" Ìyàwó mi a rẹ́rìn-ín, a ní Plateau níbí ni. Èmi a wolẹ̀. Àwòrán náà ń kó mi nírìíra bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀ lẹ́yìn tó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Àbúrò ìyàwó mi ló yà á. Ó wá kí wa láti Ìbàdàn nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá kan àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń gbé e lé. Ó ní òun fẹ́ ya ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi kan tó wà lẹ́yìn ìlú Kuru, ní alẹ́ òṣùpá. Mo ní kó lọ lọ́sàn-án.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń wo ti ọ̀sán? Gbogbo ayé ti yà á tán."

Mo dìde kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a lọ. Bí ẹ ò bá bá a lọ, á dá lọ. Òun nìkan ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi."

Ohun tó gbé mi jáde nìyẹn. Iṣẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà kò ju pé kí n mú ọmọ ìyá rẹ̀ padà wálé láàyè.

Àwọn ènìyàn máa ń yin òṣùpá. Èmi kò lè yìn ín. Nígbà tí ìlú yìí dàrú, tí a sá kúrò nílé lóru, òṣùpá ló tàn lé wa lórí. Aládùúgbò mi kan wọ jalabíà funfun sùn, òun náà ló wọ̀ sá jáde. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rí i. N kò ní sọ àdúgbò náà, n kò sì ní sọ àwọn tó rí i. Èmi wà nínú gọ́tà lábẹ́ afárá kékeré kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì bu omi ibẹ̀ mu. Nígbà tí ojú ọjọ́ là, mo rí ohun tó wà nínú omi náà. N kò ní sọ ìyẹn náà.

Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í wọ aṣọ funfun jáde lálẹ́ nílé wa. Nígbà tí àna mi yọ nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló gbé suwẹ́tà dúdú mi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará Jos! Ṣé omi á bẹ̀rù ẹ̀wù mi ni?"

Ìyàwó mi dúró títí ó fi wọ̀ ọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, a kọ́kọ́ lọ kí mai anguwa, olórí abúlé tó wà lẹ́bàá omi náà. Bí a ti ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn: má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́. Ó gba obì wa, ó ní òun á sọ fún àwọn fijilánté tó ń ṣọ́ abúlé lóru pé a wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kìlọ̀ fún wa: kí a má fi tọ́ọ̀ṣì ṣeré. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń tàn, tó ń kú, lórí àpáta lóru, àmì ni. Àwọn tó ń bọ̀ wá jà ni wọ́n ń fi í pe ara wọn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àna mi. Ó mi orí pé òun ti gbọ́.

A kò tíì rí omi náà tí a ti ń gbóòórùn rẹ̀. Òjò ti gbá ìdọ̀tí gbogbo ilé tó wà lókè wá síbẹ̀: pámpáàsì ọmọdé tó ti wú, ọ̀rá omi, ìfun ẹran. Òkú ewúrẹ́ kan há sáàárín òkúta méjì, omi ń lù ú, orí rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kí wa káàbọ̀. Ìgbẹ́ ènìyàn wà níbi tí a fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo fi apá ẹ̀wù bo imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe ń dán!"

"Mo ń wò ó. Ewúrẹ́ ni."

"Ẹ fi ewúrẹ́ sílẹ̀ jàre. Màá jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ pẹ́. Omi á dà bí òwú, gbogbo ìdọ̀tí yẹn á parẹ́."

Á parẹ́! Mo fẹ́ tutọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gbẹ.

Ó yà á, ó tún un yà. Ó ní àpáta apá òsì ṣókùnkùn jù. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti yọ tọ́ọ̀ṣì lápò, ó ń tàn án sí àpáta, ó ń pa á, ó tún ń tàn án.

"Pa á!"

"Ẹ ní sùúrù, kámẹ́rà ṣì ń yà á lọ́wọ́."

Lórí òkè tó dojú kọ wá, tọ́ọ̀ṣì mìíràn tàn. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ fèrè.

N kò ronú. Mo gbá a mú, mo fà á lulẹ̀ sínú omi, mo sì dùbúlẹ̀ lé e. Omi wọ ẹnu mi. Mo mọ ìtọ́wò náà. Ọdún ti gorí ọdún, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gbàgbé.

"Wane ne?" Ohùn ọkùnrin ni, ó ń béèrè ẹni tó wà níbẹ̀.

Mo pariwo lédè Hausa pé àlejò mai anguwa ni wá, pé ayàwòrán ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn fijilánté bíi mélòó kan yọ pẹ̀lú ìbọn ọdẹ. Ọ̀kan na ọwọ́ láti fà mí dìde, ó sì yára fà á padà. "Kai, Baba! Wari!" Ó ní mò ń rùn. Igi ọwọ́ rẹ̀ ló nà sí mi. Àgbà inú wọn bi àna mi bóyá etí rẹ̀ di ni. Ó ní ìbọn ti dojú kọ wá, Ọlọ́run ló ní kí àwọn kọ́kọ́ béèrè.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí kámẹ́rà ká, wọ́n ń yin àwòrán, wọ́n ní kó ya àwọn náà. Omi ń kán lára àna mi, síbẹ̀ ó ń fẹyín. Mo lọ sẹ́yìn òkúta, mo bì.

Nígbà tí àna mi padà dé Ìbàdàn, ó tẹ àwòrán náà ní ńlá, ó fi férémù sí i, ó fi ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun kan bí èéfín wà lórí omi lápá òsì. Èmi àti òun ni, níbi tí a ti ń ṣubú. Ó ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ràn jù.

Mo ní kí ìyàwó mi gbé e kúrò.

"Dádì, àbúrò mi kò kú. Ẹ mú un padà wá fún mi. Ìyẹn ni mò ń rí níbẹ̀."

Mo sún àga mi, ẹ̀yìn ni mo kọ sí i báyìí. Nígbà tí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, mo máa ń dìde lọ fọ ẹnu.