Ẹ̀rọ Kò-Ṣòro Ràn, Ó Kú

Kò-Ṣòro ni àwọn oníbàárà ń pe ọkùnrin yìí, nítorí kò sí ẹ̀rọ amúlégbóná tí yóò rí tí kò ní sọ pé, "Kò ṣòro, ẹ fún mi láàyè díẹ̀." Òun náà ló wá nà gbalaja síwájú ẹ̀rọ ilé ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí òtútù gba ilé kan, tí ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wá kí wọn jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tòun ti kóòtù, ó tún fi aṣọ ìbora wé orí.

Ẹ̀rọ ń dún ṣá, ṣá, ṣá, kò ràn. Kò-Ṣòro ti yẹ̀ ẹ́ wò: bọ́ọ̀dù kékeré tó ń pàṣẹ fún iná ló ti jó. Ó pa gáàsì, ó pa iná mànàmáná, ó ya fọ́tò bí àwọn wáyà ṣe tò kó má bàa ṣì wọ́n so, ó tú bọ́ọ̀dù àtijọ́, ó sì de tuntun. Ó tan án. Iná sọ, bùlà! Kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ tán, ó kú.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?" ni màmá bèèrè.

"Rárá, Màmá."

Ó tún un tan. Ó ràn, ó kú. Ó tú bọ́ọ̀dù, ó tún un de. Ó ràn, ó kú. Ara ń ta á bí ẹni jókòó lórí ìjàlọ.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé gáàsì ò tán ni?"

"Kò tán, Màmá."

"Àbí afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ pa?"

"Afẹ́fẹ́ kọ́, Màmá."

"Bó bá ṣe tèmi ni, ǹ bá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Màmá, ẹ jẹ́ n gbádùn! Ariwo ẹ̀rọ yìí nìkan ti tó mi í gbọ́!"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ojú tó fi wò ó tutù ju ilẹ̀ lọ. Màmá gbé àga rẹ̀, ó lọ dojú kọ ògiri.

Kò-Ṣòro dìde, ojú tì í. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ló ń bí mi nínú, ẹ̀yin kọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rọ ló ṣẹ̀ ọ́, èmi lo wá nà."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ló ti wá rí i: bọ́ọ̀dù kì í mọ̀ pé iná ti ràn bí wáyà ilẹ̀ rẹ̀, èyí tó so ó mọ́ ara ẹ̀rọ, kò bá kan irin gan-an, bí kò bá sì mọ̀, á pa gáàsì ni. Orí ọ̀dà tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kùn sára irin lọ́jọ́sí lòun de wáyà náà mọ́. Ó ṣépè fún ọ̀dà, ó ṣépè fún ẹni tó kùn ún. Ó fi ọ̀bẹ ha á títí irin fi ń dán, ó de wáyà, ó tan ẹ̀rọ.

Ó ràn. Ó ń jó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Ó lọ gbé àga màmá wá sídìí ẹ̀rọ. Màmá jókòó, ó bọ́ kóòtù, ó wo Kò-Ṣòro láti òkè délẹ̀. "Àforíjì tó o tọrọ yẹn, ṣé tọkàntọkàn ni, àbí torí pé ọmọ mi ń wò ẹ́?"

"Méjèèjì ni, Màmá."

Ẹ̀rín pa màmá, kò sì fẹ́ kó hàn.