Ọ̀fìnkìn Agbẹnusọ

Láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní Jẹ́dà ní nǹkan bí ọdún 1994, bí ẹnì kan bá fẹ́ so yìgì, kí wọ́n tó rántí àgbò tí wọ́n máa pa ni wọ́n ti máa ń rántí Ẹ̀njiníà Tawfiq. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ilé iṣẹ́ tó ń sọ omi òkun di omi mímu ló gbé e wá láti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹnu ló fi gbajúmọ̀. Bó bá dìde, á kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, á kí ìyàwó, á kí àwọn tó dáná, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí Ánábì Ádámọ̀. Ìrẹsì á ti tutù, àwọn ọmọdé á ti sùn lé ìyá wọn lẹ́sẹ̀, Tawfiq kò ní tíì dé ọ̀dọ̀ Ánábì Núhù.

Òun náà ni Àlàájì Abdulkarim ránṣẹ́ sí láti Mẹ́kà. Bàbá bàbá Abdulkarim ló ti Ìlọrin wá ṣe hájì, tí kò sì padà mọ́. Abdulkarim fúnra rẹ̀ ń fi ilé háyà fáwọn onírìn-àjò hájì ní àdúgbò Al-Aziziyah. Sárà ọmọ rẹ̀ ló ń lọ sílé ọkọ. Ìlú Yánbù, tó jìnnà sí Mẹ́kà, ni ọkọ ìyàwó, Rashid, ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti sọ pé bí wọ́n bá ti so yìgì tán, Yánbù yá. Bẹ́ẹ̀, ó ku ọdún kan kí Sárà parí ẹ̀kọ́ tíṣà tó ń kọ́.

"Ẹ̀njiníà, àwọn èèyàn yìí le," Abdulkarim wí lórí fóònù. "Àlàájì Abdulhadi, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, òkúta ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá a sọ ọ́."

"Ẹ fi Àlàájì náà lé mi lọ́wọ́," ni Tawfiq wí.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló fi ń sọ̀rọ̀ níwájú dígí. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó tibi iṣẹ́ dé, ó wẹ̀, ó sì sùn sábẹ́ mukéyíf, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ìgbà tó jí, ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò ta epo sí. Ó sín, ó tún sín, imú dí pátápátá.

Morufat ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé. "Bàbá Hikmah, mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́? Ẹ gbé orí tútù sábẹ́ ẹ̀rọ! Orí ni òtútù ń gbà wọlé."

Àlàájà Khadra, onílé wọn ní àdúgbò Al-Hindawiyah, gbọ́ ìró sísín náà láti ìsàlẹ̀, ó sì gòkè wá. Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí. Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló ń sọ. "Wallahi, kì í ṣe orí! Ẹsẹ̀ ni. Ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìsì."

Bí wọ́n ṣe pín ọkùnrin náà nìyẹn. Morufat bo orí rẹ̀ mọ́ ìkòkò ewé gúáfà tó ń hó. Khadra gé àlùbọ́sà sínú ìbọ̀sẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Àyà rẹ̀ ni wọ́n wá ń jà lé lórí. Morufat fẹ́ fi òrí pa á, Khadra sì gbé hábà sáúdà, òróró kóró dúdú, dání, ó ní kò sí àrùn tí kò wò àfi ikú. Níkẹyìn wọ́n fi méjèèjì pa á. Ọ̀kan gbé atalẹ̀ àti aáyù fún un mu, èkejì gbé yánsúùn, tíì ewéko olóòórùn dídùn, ní gbígbóná. Hikmah ọmọ wọn fi èdè Lárúbáwá sọ pé bàbá òun ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dín fáláfẹ́lì, àkàrà àwọn Lárúbáwá, ó bá kó ìwé rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn. Tawfiq fẹ́ bá a wí. Ohùn kò jáde.

Títí di ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fẹ́ so yìgì, ohùn kò yọjú. Wọ́n forí lé Mẹ́kà, gbogbo fèrèsé ọkọ̀ ló wà ní ṣíṣí nítorí òórùn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Abdulkarim, Morufat fi Róòbù ra aṣọ ìnujú kan, ó kì í bọ ọkọ rẹ̀ lápò. "Bí imú bá dí, ẹ fi símú. Símú nìkan o!"

Ilé kún. Àlàájì Abdulhadi jókòó, ó fajú ro. Wọ́n ní kí agbẹnusọ ìyàwó dìde. Àwọn tó mọ Tawfiq sún mọ́ ògiri kí ẹ̀yìn wọn lè rí nǹkan fara tì.

Tawfiq dìde. Òógùn bò ó. Ó fa aṣọ ìnujú yọ, ó sì fi nu gbogbo ojú rẹ̀.

Róòbù wọ ojú méjèèjì. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà wìì. Ó la ẹnu, Ánábì Ádámọ̀ kọ̀ kò jáde. Ó rọ́jú, ó rọ́jú, ó wá rí ohùn fífọ́ kan fi sọ pé, "Àlàájì... ẹ jẹ́ kó parí ìwé rẹ̀." Ikọ́ gbé e ṣánlẹ̀ sórí àga, omijé ń ṣàn bọ́ sí irùngbọ̀n.

Àlàájì Abdulhadi wo àgbàlagbà tó ń sunkún nítorí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Òun náà fi ọwọ́ nu ojú.

"Ó tó," ó ní. "Ó tó, ọmọ bàbá mi. Àwa náà bímọ. Kí Rashid lọ dúró dè é fún ọdún kan. Ẹ so yìgì!"

Ìrẹsì ṣì ń ru èéfín nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Abdulkarim di Tawfiq mú, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n, òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Obìnrin kan láàárín àwọn alásè pariwo pé, "Ẹ̀njiníà, Ọlọ́run á bá wa dá ọ̀fìnkìn yín sí o!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Tawfiq díẹ̀, àmọ́ kò sí ohùn tó lè fi bínú, ó bá mú ẹran.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ó sọ fún Morufat ní yàrá pé ìkòkò ewé gúáfà yẹn ló wo òun sàn. Nígbà tó bọ́ sísàlẹ̀, ó sọ fún Àlàájà Khadra pé àlùbọ́sà inú ìbọ̀sẹ̀ ni, kò sí òmíràn. Kò rò ó pé àwọn méjèèjì lè pàdé lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n pàdé. Ọ̀kan ní ewé gúáfà òun ló wò ó, èkejì ní àlùbọ́sà òun ni, ọ̀rọ̀ sì hú jáde. Ọjọ́ náà ni Morufat àti Khadra kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ Tawfiq: òpùrọ́ ni.