Ìkòkò Omi Ẹsẹ̀ Òkè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹsẹ̀ la fi ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àwọn abúlé orí òkè lọ́nà Ìṣẹ̀. Kò sí àlejò tó ń wá wo òkè nígbà náà. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Òkúta? Ní ẹsẹ̀ òkè kan, lábẹ́ igi, ìkòkò omi ńlá kan wà fún ẹni tó bá ń kọjá. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹni tó bá mu ún tán ni yóò lọ sódò lọ pọn òmíràn.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyá ìyá mi, tí a ń pè ní Yeye, ń lọ kí àbúrò ìyá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹrù iṣu wà lórí Yeye, orúnkún sì ń dùn ún. Èmi aláìgbọ́n, mo sáré ṣíwájú. Omi tó kù kò pọ̀. Mo mu ún, mo da ìyókù lé orí nítorí oòrùn. Odò jìnnà, n kò pọn nǹkan kan. Mo gun òkè lọ ní tèmi, mo jókòó, mo ń kọrin.

Àṣé omi yẹn ni Yeye ń retí. Ó fi ọ̀fun gbígbẹ gun òkè, ó sì ṣubú lágbedeméjì. Háà! Mo rò pé mo ti pa ìyá. Àwọn ará abúlé ló sáré gbé omi wá.

Nígbà tí Yeye mí kanlẹ̀, baálẹ̀ abúlé náà fi ìbínú béèrè pé, “Ta ló mu omi wa tán tí kò pọn?”

Ojú tì mí, mo wolẹ̀. Yeye ní, “Èmi ni. Ẹ má bínú, ogbó ló dé.”

Kò bá mi wí rárá. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ń tiro, a jọ padà lọ sódò títí ìkòkò fi kún. “Ulé kì í sá lọ,” ló wí, pé ilé tí à ń lọ kò ní sá.

Ní báyìí tí a ti gba ìpínlẹ̀ Èkìtì tiwa, mọ́tò ń kọjá níbẹ̀ fìrì. Omi inú ọ̀rá lẹ ń mu, ta ló ń ronú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Lóṣù tó kọjá, mo ní kí awakọ̀ dúró. Ìkòkò ti fọ́. Mo gun òkè, mo bá ìyá arúgbó kan, tó jẹ́ ìyàwó tuntun nígbà náà, tó wà lára àwọn tó gbé omi fún Yeye lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìyá, èmi ni mo da omi yẹn sórí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “A mọ̀. Orí rẹ ṣì ń kán tó-tó lọ́jọ́ náà. Àgbà ló ti sọ̀rọ̀ la ṣe dákẹ́.”