Páànù Ṣàíbù Nínú Ilé Àwòrán Jemima

Ìjì tó bá àkọ́rọ̀ òjò wá lọ́dún náà ṣí òrùlé káàkiri Ayétòrò bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òòlù káfíńtà ni gbogbo ìlú ń gbọ́. Láàrin ariwo yìí ni Jemima Akínladé, olùkọ́ àwòrán tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbá ilẹ̀ ilé àwòrán rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọmọ tó fẹ́ wọ aṣọ ọdún.

Ilé bàbá wọn ni ilé àwòrán náà, lẹ́bàá ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Ìjì gbé òrùlé rẹ̀ lọ, òjò sì ba gbogbo àwòrán inú rẹ̀ jẹ́. Bánjí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, ló tún un kàn, ṣùgbọ́n ó sọ tẹnu rẹ̀.

"Jemima, sìmẹ́ǹtì ni àwọn ènìyàn ń wá, àwòrán lo fẹ́ fi hàn wọ́n. Onísìmẹ́ǹtì kan ti ń bẹ̀ mí fún ilé yìí, kó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bí ìlú bá wá lọ́jọ́ Sátidé tí o fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ilé di tìrẹ. Bí wọn kò bá wá, kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ kúrò."

"Wọ́n á wá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n á wá ṣe kí ni? Ṣé àwòrán ṣeé fi jẹ ẹ̀bà ni?"

Jemima gbé ìgbálẹ̀ tì, ó bọ́ síta. Kò sí owó tí yóò fi ra aṣọ ìyàwòrán, nítorí náà ó wọ inú igbó àti etí oko, ó ń ṣa páànù tí ìjì jù síbẹ̀. Ó kígbe kiri àdúgbò pé kí olóhun wá mú ohun rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá páànù tó ti rún bí ewé ẹ̀kọ? Ó wá fi òòlù onígi nà wọ́n títí wọ́n fi gún régé. Ó ha ìpẹtà wọn kúrò, ó sì ya àwòrán sí wọn: ẹyẹ, oko àgbàdo, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, tó fi rọ́bà pupa kan tó bá lára páànù ṣe yẹtí fún. Bí ènìyàn bá ń rìn kọjá níwájú obìnrin yẹn, ìgbì ara páànù á mú kí ó dà bíi pé ẹ̀rín náà ń tàn kálẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé. Bánjí gbé àga sí ẹnu ọ̀nà.

"Ewúrẹ́ méjì ti kọjá," ó ní. "Ṣé ká kà wọ́n mọ́ àlejò?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí Ṣàíbù, àgbẹ̀ aládùúgbò wọn, fi yọjú láti oko, tòun ti ìyàwó rẹ̀. Ó wo ògiri, ó sì fò sókè.

"Páànù mi rèé o! Òrùlé ilé ìdáná mi!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá Toheebat?" Jemima bi í.

"Ẹ wo yẹtí obìnrin yìí! Sílípáàsì pupa Ìyá Toheebat ni mo gé síbẹ̀, kí omi má baà gba ojú ìṣó wọlé."

"Áà!" ìyàwó rẹ̀ ké. "Ẹ̀yin lẹ gé sílípáàsì mi? Ajá lẹ ní ó gbé e!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Igbe náà fa èrò wọlé, kò sì pẹ́ tí ìyá Peace, aládùúgbò mìíràn, fi mọ páànù tirẹ̀, tí Oyèkúnlé ará ọ̀hún náà fi mọ tirẹ̀.

Jemima wo àwọn àwòrán náà yíká. Bí ó bá dá páànù padà fún wọn, ògiri á ṣófo, onísìmẹ́ǹtì á sì wọlé. Ṣùgbọ́n ó rántí tapólì tí Ìyá Toheebat ta bo orí ààrò rẹ̀, tó fi ń dáná lábẹ́ òjò.

"Ẹ máa gbé e lọ," ó ní. "Ẹ ṣáà kọ ojú àwòrán sísàlẹ̀, kí ẹ lè máa rí i bí ẹ bá gbójú sókè."

Nígbà tó fi di ọ̀sán, ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Bánjí wo yàrá òfìfo náà, ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Jemima rò pé onísìmẹ́ǹtì ló lọ pè.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ariwo ló gbọ́ láti ilé Ṣàíbù, níbi tí káfíńtà ti kan páànù náà padà, ó sì lọ wò ó. Èrò ti kún ilé ìdáná náà, gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn kí obìnrin náà lè rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Ẹ rọra, ẹ má tẹ ààrò mi!" Ìyá Toheebat ń pariwo, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pe àwọn mìíràn wọlé.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya bo Jemima, olúkúlùkù pẹ̀lú páànù tí káfíńtà kò tíì kàn.

"Àǹtí, ẹ ya màlúù sí tèmi!"

"Ẹ ya ìyá mi sí tèmi, ẹ má gbàgbé ilà ojú wọn o!"

Ó kó wọn padà sí ilé àwòrán, ó tò wọ́n láti inú yàrá dé etí títì. Jemima ń po ọ̀dà. Nígbà náà ló rí Bánjí tó ń bọ̀ láàrin èrò, òógùn bò ó, páànù tuntun wà lórí rẹ̀.

"Onísìmẹ́ǹtì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo ti ní kí ó wá ilé mìíràn." Ó sọ páànù kalẹ̀. "Fáráńdà mi ni wọ́n máa kàn án sí. Ṣé o lè ya Bàbá sí i, níbi tí wọ́n ti jókòó, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn?"

Omi lé ròrò sójú Jemima, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ètò rẹ̀ bàjẹ́.

"Mo lè yà á. Ẹ tò sẹ́yìn ìyá Peace."