Àlùkò Ẹ̀yìn Fèrèsé Mi ní Bódìjà

Lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀, ọkọ mi lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Ó fi mí sílẹ̀ ní yàrá méjì ní Bódìjà, èmi àti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó lè gba ohùn sílẹ̀. A kò tíì bímọ. Àwọn ẹbí mi wà ní Ṣakí, bí mo bá sì ti ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé dé, ó parí, n kò ní ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì là ń fi ránṣẹ́ síra wa nígbà náà. Màá sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, màá wá ẹni tó ń lọ sí Ìlú Ọba tí yóò bá mi mú un dání, òun náà á sọ tirẹ̀ padà. Dídá nìkan gbé burú. Ẹni tó bá ní kò burú, kó wá gbé e wò.

Igi odán ńlá kan wà lẹ́yìn fèrèsé mi, ibẹ̀ ni àlùkò méjì ti máa ń wá jẹ èso. Gbogbo wa la ti ń ṣe àmín sí "Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn," àmọ́ ẹ ní ká júwe ẹyẹ náà, a ó máa wojú ara wa ni. Bàbá mi àgbà jẹ́ ọdẹ, wọ́n ti fi òkú àlùkò kan hàn mí rí, ìyẹn ni mo fi dá a mọ̀. Aró ló pọ̀ lára rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè wà níwájú orí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì pupa. Mo wá osùn tí wọ́n ń wí títí, n kò rí i, àfi ìgbà tó fò. Abẹ́ apá ló ń fi pamọ́ sí, pupa yòò. Kì í sábà fò, orí ẹ̀ka ló ti ń sáré kiri bí ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á já èso, á fi sí èkejì lẹ́nu. Màá yíjú kúrò. Mo ń jowú ẹyẹ, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?

Ohùn wọn ki, bí ìgbà tí ọkùnrin bá ń fi ọ̀fun rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo ń gba ohùn mi sílẹ̀, fèrèsé wà ní ṣíṣí, àwọn ẹyẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo rò pé inú ọkọ mi á dùn láti gbọ́ ilé.

Èsì rẹ̀ dé. "Ìyàwó, ta ni ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá rẹ?"

Ara mi gbóná. Mo tẹ rédíò, mo ní, "Àlùkò ni! Ẹyẹ ni, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó tún fèsì: "Àlùkò? Àlùkò inú àdúrà? Ní Bódìjà tí wọ́n da ọ̀dà sí? Wá irọ́ mìíràn pa."

Mo lọ bẹ onífọ́tò kan ní Ṣàngó pé kó wá ya ẹyẹ náà fún mi ní Sátidé, kí n lè fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Kí Sátidé tó pé, mo ti ilé ìwé dé, mo bá igi odán nílẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé?" Mo bi bàbá onílé.

"Ìyàwó wa, èso rẹ̀ ń já lu ọkọ̀ Pijó mi, ó ń bà á jẹ́. Ṣé ó tún ní nǹkan tó ń ṣe fún wa ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹyẹ náà wá, wọ́n yí ibẹ̀ po, wọ́n sì kọjá sí ìhà Yunifásítì, níbi tí igbó ṣì wà. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù lọ.

Mo gba kásẹ́ẹ̀tì mìíràn sílẹ̀, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gé igi. Ohùn tèmi nìkan ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí èsì dé, ohùn ọkọ mi ti rọ̀. "Mo fetí sílẹ̀ dáadáa," ó ní. "N kò gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin yẹn mọ́. O ṣeun tí o lé e lọ. Mo ti dárí jì ọ́."

N kò fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i mọ́.